Títì tí wọ́n ń tún ṣe: abẹ́ ilẹ̀ ni owó ń wọ̀ sí

Ẹni tó bá ń tajà létí títì ńlá yóò ti rí irú èyí rí. Ìjọba dé, wọ́n tún títì ṣe, ọ̀dà dúdú ń dán, ọkọ̀ ń lọ geere, oníbàárà sì ń rí ibi dúró sí. Kò ju oṣù mélòó kan lọ, àwọn kan tún ti dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé títì. Wọ́n ní páìpù omi ń jò lábẹ́, tàbí pé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan fẹ́ẹ́ rì wáyà mọ́lẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ ṣe, wọ́n da erùpẹ̀ padà, wọ́n fi ọ̀dà díẹ̀ bò ó, wọ́n bá tiwọn lọ. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé. Ọlọ́jà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, á ní wọ́n ti kó owó ìlú jẹ.

Owó máa ń sọnù lóòótọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olè ń gbé e. Ohun tó wà lábẹ́ títì ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀, àgàgà lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì pọ̀ sí láàárín ìlú, nítorí pé ọ̀nà tí èrò ń gbà yìí kan náà ni omi, iná mànàmáná àti wáyà tẹlifóònù ń gbà kọjá nísàlẹ̀.

Ọ̀dà tí à ń rí lókè kò nípọn rárá. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ kì mọ́lẹ̀ ló tẹ̀lé e, kó tó wá kan ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Inú àwọn ìpele ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n ń rì nǹkan sí. Níbi tí ìlú bá ti ní páìpù tó ń kó omi ìdọ̀tí lọ, òun ló sábà máa ń jìn jù, nítorí pé fúnra rẹ̀ lomi náà ń ṣàn, ó sì gbọ́dọ̀ máa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Páìpù omi mímu wà lókè rẹ̀, wáyà iná tún wà lókè ìyẹn, ti tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì sì sún mọ́ ojú ilẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ tún èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣe yóò da gbogbo èyí tó wà lókè rẹ̀ rú. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ wá sókè, kí ọ̀dà tó kẹ́yìn. Àmọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ omi ni páìpù wà, ọ̀tọ̀ nilé-iṣẹ́ iná, ọ̀tọ̀ ni ti tẹlifóònù, oníkálukú ló sì ní ọdún tí owó tirẹ̀ ń jáde. Ẹni tó ń da ọ̀dà kì í sábà dúró dè wọ́n, pàápàá bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé.

Èwo wá ni ti ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ tó máa ń jìn? Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò, díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa da erùpẹ̀ padà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kì í dáadáa kí wọ́n tó tún da òmíràn lé e. Èyí ń gba àkókò. Agbaṣẹ́ṣe tó ń sáré á da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, á fi ẹ̀rọ gba orí rẹ̀, ojú ilẹ̀ á sì tẹ́jú bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kò tíì dì ní tirẹ̀. Omi òjò á gba ibi tí ọ̀dà tuntun ti kan ti àtijọ́ wọlé, òkúta wẹ́wẹ́ á rẹ sínú omi, bọ́ọ̀sì á wá tẹ̀ ẹ́.

Bọ́ọ̀sì kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àyẹ̀wò ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ní ìpínlẹ̀ Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ìparí àwọn ọdún 1950, fi hàn pé bí ẹrù tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ohun tí ọkọ̀ náà ń bà jẹ́ lára títì lè tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró tó sì ń gbéra, níwájú ìsọ̀ àwọn èèyàn gan-an, ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ ìlú fi ń fi kọnkéré ṣe ibùdókọ̀ dípò ọ̀dà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ìlú kan tó pinnu láti ṣe abẹ́ ilẹ̀ àti òkè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. San Francisco ni, ní ìpínlẹ̀ California. Títì tí wọ́n ń pè ní Van Ness Avenue gba àárín ìlú náà kọjá, ọkọ̀ sì ń wọ́ níbẹ̀ tàárọ̀ talẹ́. Títì yìí ní ìtàn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ lọ́dún 1906, tí iná sì ń jó ìlú náà run, ojú títì yìí ni wọ́n ti dá iná náà dúró, lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀tù wó ọ̀pọ̀ ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlú náà ṣe páìpù omi ọ̀tọ̀ fáwọn panápaná, èyí tó tún kún àwọn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ìlú náà wá fẹ́ẹ́ ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láàárín títì yìí, wọ́n rí i pé àwọn páìpù kan níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí wọ́n bá ṣe ọ̀nà bọ́ọ̀sì tuntun lé wọn lórí, ọjọ́ tí ọ̀kan bá bẹ́, wọ́n á dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n á sì fọ́ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Wọ́n ní káwọn kúkú pààrọ̀ páìpù omi mímu, ti omi ìdọ̀tí, àti òpó iná, kí wọ́n tó ṣe òkè. Gbogbo gígùn ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 3 lọ. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016, wọ́n ní ọdún 2019 làwọn máa parí rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 2022 ni bọ́ọ̀sì tó gbéra níbẹ̀. Owó tó bá gbogbo rẹ̀ lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 346 dọ́là. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là fún kìlómítà kan ṣoṣo, nílùú tí wọ́n ti ní ìwé, ẹ̀rọ àti onímọ̀ rẹpẹtẹ.

Kí ló fa ìdádúró náà? Lọ́dún 2021, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí òfin California fún lágbára láti yẹ iṣẹ́ ìjọba wò gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró jù. Bí àwòrán tó wà lọ́wọ́ ìjọba ṣe sọ pé àwọn páìpù náà wà kọ́ ni wọ́n bá wọn nílẹ̀. Wọn kò gbẹ́ ihò àyẹ̀wò tó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àgbaṣẹ́ṣe tó máa gbẹ́ ilẹ̀ kò sì tètè sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán iṣẹ́. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì náà kígbe títí, torí pé ọdún 3 tí wọ́n ní kí wọ́n fara dà di 5 àti ààbọ̀. Ẹ̀rè rẹ̀ náà wà: iléeṣẹ́ tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì níbẹ̀ sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà, àkókò tí bọ́ọ̀sì ń lò lójú títì yìí fi nǹkan bíi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láwọn ìgbà kan.

Èkó gba ọ̀nà mìíràn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2008, nígbà ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola, ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. LAMATA, àjọ tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ fún ètò ìrìnnà, ló darí rẹ̀, Báńkì Àgbáyé sì wà lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ìmọ̀ràn náà jókòó títí dé ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì gbéra kò ju nǹkan bí oṣù 15 lọ, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 dọ́là fún kìlómítà kan. Àwọn orílẹ̀-èdè míì wá kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀.

Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ikorodu Road ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi kọnkéré là á, wọ́n ya ọ̀nà bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀, wọ́n tún ojú títì ṣe níbi tó yẹ. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í hú gbogbo abẹ́ ilẹ̀. Lójú tèmi, ìpinnu náà kò burú, torí ẹni tó bá mọ ohun tí ojú èrò ń rí nínú mọlúẹ̀ nígbà náà kò ní sọ pé kí wọ́n ṣì dúró dọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi iye owó Èkó wé ti San Francisco bíi pé ọjà kan náà ni wọ́n rà. Òkè títì nìkan ni Èkó sanwó fún lọ́dún 2008. Nígbà tí wọ́n wá fa ọ̀nà náà láti Mile 12 dé Ikorodu, kìlómítà 13.5, tí wọ́n ṣí ní oṣù kọkànlá, ọdún 2015, wọ́n ní láti fẹ títì lójú kí wọ́n sì ṣe gọ́tà, iṣẹ́ náà sì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì náà ń dá kún un. Látìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé lọ́dún 2001, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ kòtò tirẹ̀ létí títì kan náà. Lọ́dún 2020, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ihò abẹ́lẹ̀ kan tí gbogbo wọn á máa háyà, bí ìgbà tí ẹni méjì sí mẹ́ta bá pín ìsọ̀ kan lò. Ní gbogbo ibi tó bá dé, ẹni tó fẹ́ fa wáyà á kàn tì í sínú ihò, kò ní gé títì.

Èyí tó kan ọlọ́jà jù ni ti owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí títì bá dí. Owó ọdún ṣọ́ọ̀bù ti lọ, oníbàárà kò rọ́nà wọlé, eruku ti ba ọjà jẹ́. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ní abala kọkàndínlọ́gbọ̀n, sọ̀rọ̀ nípa sísan owó fún ilé àti irè oko bí ìjọba bá gba ilẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọjà tí o kò rí tà. Nítorí náà, ẹni tí títì kàn dí mọ́ lójú, tí wọn kò wó nǹkan kan tirẹ̀, kò rí ohun kan dì mú nínú òfin yìí.

Ọ̀tọ̀ ni bí owó Báńkì Àgbáyé bá wà nínú iṣẹ́ náà. Ìlànà tiwọn, láti ọdún 2001 títí dé èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018, ni pé bí iṣẹ́ bá gba ilẹ̀ tàbí àyè tí èèyàn ti ń ṣòwò, kí wọ́n ka àwọn tó kàn, kí wọ́n sì ṣètò ìrànwọ́ fún wọn, títí kan ẹni tó ń pàtẹ láìní ìwé ilẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ìyálọ́jà bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri ni pé owó ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Èkejì ni pé ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ omi àti iná ti mọ̀ sí i, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ṣe tiwọn.

Wọ́n máa ń dá ọjọ́ kan tí wọ́n á kọ orúkọ dé, ẹni tó bá wá pàtẹ lẹ́yìn ọjọ́ náà kò sí nínú ìwé. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá kọ orúkọ, kí olówó ọjà jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, má fi í sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Kó mú rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù àti tikẹ́ẹ̀tì ọjà dání, kó ya fọ́tò ibi tó ń pàtẹ sí, kó sì gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kí wọ́n tó kúrò níwájú rẹ̀.