Ṣé o mọ̀? Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí wọ́n ń tọ́ dàgbà ní láàbù

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan Manchester gan-an? Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978, ní ilé ìwòsàn kan ní Oldham, lẹ́bàá Manchester, ni wọ́n bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí oyún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú abọ́ láàbù.

Ṣé o mọ ibi tí èyí ti pàdé àrùn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ àwọn àgbà wa gbọ̀n? Nínú irú ìtọ́jú tí wọ́n fi bí Louise, àwọn ọlẹ̀ (ìbẹ̀rẹ̀ oyún) kan máa ń wà tí ilé ìwòsàn kò ní lò. Bí tọkọtaya tó ni wọ́n bá yọ̀ǹda, wọ́n lè bá wọn ṣe ìwádìí. Lára irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Susan Kimber, Daniel Brison àti ẹgbẹ́ wọn ní Manchester ti fa ìran sẹ́ẹ̀lì jáde, tó mọ́ débi tí a fi lè fi í tọ́jú ènìyàn. 2017 ni wọ́n kéde rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò tíì yan iṣẹ́. Ó lè di ọkàn, ó lè di egungun, ó lè di ọpọlọ, á sì máa pọ̀ sí i bí a bá ṣáà ń bọ́ ọ.

Ṣé o mọ̀ pé Shinya Yamanaka ará Japan kò lo ọlẹ̀ rárá? Sẹ́ẹ̀lì awọ ara àgbàlagbà ló dá padà sí ipò bíi ti ọlẹ̀: ti èkúté ní 2006, ti ènìyàn ní 2007. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012.

Ṣé o mọ ohun tí àwọn onímọ̀ fẹ́ fi irú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí rọ́pò? Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó dúdú lójú lásán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló ń ṣe dopamine, èyí tó ń jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Nínú Parkinson wọ́n ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, dúdú náà á ṣá, ìṣísẹ̀ á kúrú, ojú á le, lẹ́tà tí ẹni náà ń kọ á máa kéré sí i títí ìlà á fi parí.

Ṣé o mọ̀ pé èso wèrèpè tó ń yún ni lára ní levodopa nínú, oògùn tí dókítà ń kọ fún Parkinson? (Jọ̀wọ́, má lọ̀ ọ́ fún bàbá nílé, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ẹyọ kan.) Oògùn yẹn ń di dopamine nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò lè jí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú.

Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sí ibi tí ti àtijọ́ kú sí? Ibi tí a ti ń lo dopamine ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gbé e sí. Wọn kì í sì í dúró kó dàgbà tán, torí pé èyí tó ti gbó kì í sábà la abẹ́rẹ́ já.

Ní oṣù Kẹrin 2025, àwọn onímọ̀ ní Kyoto ní Japan ròyìn ènìyàn 7 tí wọ́n gbin irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sí lọ́pọlọ, àwọn ti Amẹ́ríkà àti Kánádà ròyìn 12. Sẹ́ẹ̀lì náà yè, ó ń ṣe dopamine, kò sì di jẹjẹrẹ. Àwọn onímọ̀ ní Cambridge àti Lund náà ń dán tiwọn wò láti 2023. Bóyá kò ní pa ènìyàn lára ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á fún ọ láìsí àṣẹ ìjọba, sá fún un.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2023, Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí àyípadà kan nínú àbùdá GBA1, tó ń fi kún ewu Parkinson fún àwa ọmọ Áfíríkà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwọn aláwọ̀ funfun? Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì tiwa náà wà nínú abọ́ wọ̀nyẹn. Bí ẹni rẹ ní Manchester bá ní àrùn yìí, bi dókítà rẹ̀ léèrè ìwádìí tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ yìí.