Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Nínú Ìlú Ńlá: Ẹran Iṣẹ́ Ni Oko Ẹni Tó Kúrò Lóko

 

Ẹni tó bá ti dé etíkun Elégúṣì ní Èkó lópin ọ̀sẹ̀ yóò ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n di okùn ẹṣin mú, tí wọ́n ń pe èrò kí wọ́n wá gùn ún, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti òkè ọya wá. Wọn kò gbé ọkọ́ wá sí Èkó. Ẹṣin ni ọkọ́ wọn. Ọjọ́ tí ẹṣin bá rọ lẹ́sẹ̀, ọjọ́ náà ni ọkọ́ kán.

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀: ará abúlé tó bá ẹran wọ ìlú láti wá jíjẹ mímu. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹran iṣẹ́ ni oko ẹni tó kúrò lóko. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ń gbìn lọ́dọọdún láì fi ajílẹ̀ sí i, láì jẹ́ kó sinmi, yóò ṣá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹran.

Kí ló dé tí irú iṣẹ́ yìí kò fi wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa? Eṣinṣin tsetse ni. Ó fẹ́ràn inú igbó àti etí odò tó ní ìbòòji. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, ó sì ń kó àrùn kan sí i lára tí yóò máa rù títí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé, tí òkìkí ẹṣin ogun wọn kàn nígbà láéláé, fi ní láti máa ra ẹṣin láti òkè ọya léraléra. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tó gbẹ, níbi tí eṣinṣin yìí kò pọ̀, ni ẹṣin, ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń ríṣẹ́ ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gba apá òkè lọ.

ÀWỌN WO NI WỌ́N?

Ní Kánò, nígbà tí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà àti jéró tán, ọ̀pọ̀ ọkùnrin abúlé a máa wáṣẹ́ lọ sí ìlú títí òjò yóò fi padà. Àwọn Hausa ń pe èyí ní cin rani, ìyẹn ni pé kí ènìyàn lọ jẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹlòmíràn ń ta agbára apá rẹ̀, ẹlòmíràn ń ta agbára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Láàárín ìlú àtijọ́, níbi tí ọ̀nà ti tóóró tí ọkọ̀ ńlá kò lè gbà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń gbé yanrìn àti erùpẹ̀ ìmọlé kọjá, nínú àpò méjì tó so kọ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mangala.

Ní Nouakchott, olú ìlú Mòrítáníà, omi ni ẹrù. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìlú náà létí aṣálẹ̀, fún ìwọ̀nba ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dá ńlá dé láàárín 1968 sí 1973, ẹran ọ̀sìn kú rẹpẹtẹ, oko gbẹ, àwọn ará àrọko sì ya wọ ìlú. Lónìí, èrò ibẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ẹni tó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, ọmọlanke onítáyà méjì àti dúrọ́ọ̀mù méjì wá di alómi, ó ń ta omi láti ojúlé dé ojúlé.

Ní Bamako, olú ìlú Málì, pàǹtírí ni wọ́n ń kó. Láti nǹkan bí ọdún 1990 sí i ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ti ń fi ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà gba ìdọ̀tí lọ́wọ́ onílé, tí onílé sì ń sanwó lóṣooṣù.

ẸRÙ TÓ YẸ ẸRAN

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò tóbi. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju bíi kílò 120 sí 150 lọ. Ẹrù tí a ó gbé lé e lẹ́yìn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ogójì sí àádọ́ta kílò ni, ìyẹn kò ju àpò símẹ́ǹtì kan lọ. Bí ẹ bá rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n di àpò mẹ́ta lé lẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé owó ọdún tó ń bọ̀ ni olúwa rẹ̀ ń ná.

Ẹran lè fa ju ohun tó lè rù lọ. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Dúrọ́ọ̀mù kan ń gba lítà 200. Méjì jẹ́ kílò 400, kí a tó ka ọmọlanke fúnra rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó lágbára lè fà á lórí ilẹ̀ tó le, tó sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá jẹ́ yanrìn, tàbí òkè, tàbí tí táyà bá rọ̀, ẹrù náà kì í ṣe kílò 400 mọ́ lára ẹran. Ẹ fẹ́ táyà kó le dáadáa. Níbi tí yanrìn bá pọ̀, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí a gbé ẹrù sí tún ṣe pàtàkì. Lókè ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀ gan-an ni kí ẹrù jókòó sí. Bó bá lọ síwájú jù, yóò tẹ ẹ̀yìn ẹran. Bó bá lọ sẹ́yìn jù, okùn abẹ́ ikùn yóò máa fà á sókè.

ẸRAN ẸNI ÀTI ẸRAN ÀYÁLÒ

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nínú ìlú ló ni ín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé kò lówó láti rà. Yóò yá ẹran àti ọmọlanke lọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò sì máa san iye kan pàtó lójoojúmọ́, yálà ọjà yá tàbí kò yá. Bí ọjọ́ bá kanrí tí owó olówó kò tíì pé, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Yóò nà án kó yára. Yóò dì í kún. Oúnjẹ tirẹ̀ náà kò sí títí owó olówó yóò fi jáde. Kì í ṣe ìkà. Ìnira àdéhùn náà ni ó ń gbé lé ẹran lórí. Olówó ẹran rò pé òun ń jèrè, kò mọ̀ pé olú owó òun ni wọ́n ń jẹ.

Àdéhùn tó sàn ni kí wọ́n pín ohun tí wọ́n bá rí, tàbí kí wọ́n fẹnu kò pé ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ kò ní owó nínú, ọjọ́ náà sì ni ìsinmi ẹran. Kí olówó ẹran fúnra rẹ̀ máa yẹ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ará òkè ọya nìkan ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílùú tó ń gun ọ̀kadà olówó, tó ń dáwó fún un lójoojúmọ́, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀kadà ò lè ké bí ó bá ń dùn ún, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá kì í tètè fi ìrora hàn. Ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ ni ẹ ó mọ̀.

OMI, OÚNJẸ ÀTI ỌGBẸ́

Nígbà ooru, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lè mu omi tó lítà ogún lójúmọ́. Nínú lítà 400 tó ń fà, ìdá kan nínú ogún péré ni ipín tirẹ̀. Kò yẹ kí òùngbẹ pa ẹni tó ń pọn omi fún gbogbo àdúgbò. Ẹ fún un mu láàárọ̀ kí ó tó jáde, lọ́sàn-án, àti nígbà tó bá wọlé.

Ní oko, ẹran ń wá koríko fúnra rẹ̀. Ní ìlú, orí ààtàn ló ń wá a lọ, ọ̀rá ló sì ń bá níbẹ̀. Ọ̀rá kì í dà nínú ẹran. Yóò dí ìfun, inú yóò máa run ún, yóò sì kú. Mòrítáníà fòfin de àpò ọ̀rá ní ọdún 2013, ikú ẹran sì wà lára ohun tó fà á. Ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ lálẹ́ láìfún un lóúnjẹ. Ìtàkùn ẹ̀pà gbígbẹ, ìtàkùn ẹ̀wà, pòròpórò àti èèrí ọkà dára fún un. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti abúlé, kó di ẹrù ìtàkùn ẹ̀pà wá. Ó wọ́n nílùú.

Okùn tó ń ha awọ ni ìyá ọgbẹ́. Ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù tó mọ́ tẹ́ abẹ́ gàárì. Okùn tí yóò fi fa ọmọlanke, kí ó fẹ̀, kí ó gba àyà rẹ̀ kọjá. Àjàgà màlúù kò bá ọrùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mu. Bí ọgbẹ́ bá wà, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹran sì dúró sílé. Ẹ má ṣe fi epo ẹ́ńjìnnì sí i. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí í mú gbogbo ara gan. Ẹ máa yọ òkúta lábẹ́ pátákò lójoojúmọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín gé e bó bá ti gùn.

NÍGBÀ TÍ ÒJÒ BÁ DÉ

Ẹni tó lọ jẹ ẹ̀ẹ̀rùn ní láti padà lọ gbin ọkà. Lọ́pọ̀ ibi, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan náà tó fa ọmọlanke ní ìlú ni yóò fa ohun ìro-oko ní abúlé. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ara ẹran í gbẹ jù, nítorí koríko ti tán. Ẹ mú un kúrò nílùú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí òjò tó rọ̀, kí ẹ fún un lóúnjẹ, kó sinmi.

BÍ ÈYÍ BÁ LỌ, ÒMÍRÀN KÒ YÁ

Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún. Abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbé oyún tó ọdún kan, ọmọ kan ló sì ń bí. Ọmọ náà yóò pé ọdún mẹ́rin kó tó lè fa ẹrù wúwo. Èyí tó bá lóyún lónìí, ọdún márùn-ún ni kí ọmọ rẹ̀ tó fa dúrọ́ọ̀mù.

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò ń wá awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri, nítorí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní ejiao, tí wọ́n ń fi awọ náà sè ní ilẹ̀ Ṣáínà. Owó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ́n, olè sì ń jí wọn lóru. Niger àti Burkina Faso fòfin dè é ní 2016. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Addis Ababa láti dá pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ dúró. Bí ẹnì kan bá fi owó ńlá lọ̀ yín, ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ni owó náà yóò bọ́ yín.

Ìlú náà ń yí padà. Láti 2010 ni wọ́n ti fa omi odò Sẹ̀nẹ̀gà wá sí Nouakchott. Alómi tó gbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé omi nìkan. Ó ń kó yanrìn, símẹ́ǹtì àti ẹrù ọjà pẹ̀lú.

Ẹ má gbàgbé:
1. Ẹrù ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ẹran.
2. Omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.
3. Ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, àní bí ẹran bá jẹ́ àyálò.
4. Ẹran tó ní ọgbẹ́ kò gbọdọ̀ ru ẹrù.
5. Ẹ mú un padà sílé kí òjò tó dé.

Àgbẹ̀ tó tọ́jú ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń tọ́jú. Ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò lè kà á.