Kọ̀ǹpáílà Ọ̀fẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń bi wá léèrè iye tí àwọn yóò fi ra kọ̀ǹpútà tí ọmọ lè fi kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún ẹ̀rọ. Wọ́n rò pé àfi tuntun, àfi olówó gọbọi. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ ti pa tì láti bí ọdún mẹ́wàá tó, bí ó bá ṣì ń tàn.

Kọ̀ǹpáílà ni ọmọ náà nílò. Nọ́ńbà nìkan ni ẹ̀rọ gbọ́. Ènìyàn sì ń kọ ètò ní èdè bíi C. Kọ̀ǹpáílà kò dàbí ògbufọ̀ tí ó dúró ti àlejò, tí ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde lẹ́nu. Ó dàbí ẹni tí ó túmọ̀ odidi ìwé tán, tí òǹkàwé kò tún wá a mọ́.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sun gbé Solaris 2, tí í ṣe ẹ̀yà Unix, jáde ní 1992, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀ǹpáílà wọn ní láti rà á lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Richard Stallman ti gbé GCC jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà láti 1987. Òun ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Finland, lò nígbà tí ó ń ṣe Linux, tí ń ṣiṣẹ́ bíi Unix, ní 1991. Òfin gbà kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò. Kì í ṣe ẹ̀dà olè.

Ẹ wá fláàṣì 8GB, kí ẹ gba Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní live, tí ó ní Xfce, ni ó yẹ ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Ètò kan bíi Rufus ni ẹ ó fi kọ ọ́ sórí fláàṣì. Kí a kàn da fáìlì sí i kò tó. Ẹ lè tọ́ ọ wò láti orí fláàṣì náà láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wọlé pátápátá, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn àwòrán yín kúrò, nítorí yóò pa wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ:

sudo apt update
sudo apt install build-essential

Dátà àti fláàṣì ni gbogbo ìnáwó. (Bátìrì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti kú, nítorí náà ẹ má jìnnà sí iná.) Láti ìgbà náà, ọmọ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọ ètò rẹ̀ sínú fáìlì ikini.c, yóò tẹ:

gcc ikini.c -o ikini
./ikini

Bí ó bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo, GCC yóò sọ ìlà tí ó ti rí àṣìṣe. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ẹ má pariwo pé ọmọ ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó kà á.