Eérú Èèpo Ìrẹsì Nínú Alumíníọ́mù

Ìyá tí ó bá ti gbé ìkòkò irin àti ìkòkò alumíníọ́mù ka iná rí ní Òkè-Àdó kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un èyí tí ó fúyẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá tóbi bákan náà, wíwúwo alumíníọ́mù kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó ní òun nìkan, ó rọ̀ púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń wá ohun tí wọn yóò dà pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1906, Alfred Wilm ará Jámánì rí i pé bí a bá fi bàbà díẹ̀ àti magnesium lú u, tí a mú un gbóná, tí a sì rì í bọ omi, ńṣe ni ó túbọ̀ ń le sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ni a fi kan ọkọ̀ òfuurufú.

Èyí tí a fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n kò jìnnà tó Jámánì. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Alaneme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2013. Èèpo ìrẹsì ni wọ́n sun di eérú. Eérú yìí kún fún ohun kan náà tí ó wà nínú yanrìn, ó sì fúyẹ́ ju alumíníọ́mù pàápàá lọ. Wọ́n fi í rọ́pò apá kan nínú ìyẹ̀fun líle tí à ń pè ní alumínà, èyí tí a ń fi owó rà.

Irú eérú bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ wọ inú alumíníọ́mù yíyọ́. A máa di kókó bí àmàlà tí a kò rò dáadáa. Nítorí náà wọ́n yọ́ alumíníọ́mù, wọ́n jẹ́ kí ó tutù títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, wọ́n da eérú àti alumínà sí i, wọ́n sì rò ó. Wọ́n tún mú un gbóná kí ó yọ́ tán, wọ́n sì tún fi ẹ̀rọ rò ó. Ẹni tí ó mọ omorogùn lò ti lóye iṣẹ́ náà dé ìdajì.

A kò ní fi pamọ́ pé bí eérú ti ń pọ̀ sí i ni líle rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí eérú inú rẹ̀ jẹ́ 2 nínú 100 lágbára ju èyí tí a fi alumínà nìkan ṣe lọ, bí a bá fi wíwúwo wọn díwọ̀n agbára wọn. A sì máa nà díẹ̀ sí i kí ó tó já. Lójú tiwa, òṣùwọ̀n yìí gan-an ni ó tọ́ sí ohun tí yóò máa rìn, nítorí ọkọ̀ a kọ́kọ́ ru ara rẹ̀ kí ó tó ru èrò.

Èèpo wà lọ́pọ̀ yanturu. Òkìtì rẹ̀ ni a ń tiná bọ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ìrẹsì. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀rọ tí yóò rò ó, àti ohun tí a ó fi mọ bí iná ti gbóná tó, nítorí ẹni tí ń fi ojú lásán wọn iná ìdàrò kò lè mọ ìgbà tí alumíníọ́mù ki bí ẹ̀kọ.