Ta Ló Sọ Fún Ọ?

Ní táàmù tó kọjá, wọ́n ní ká kọ ojú ìwé méjì lórí Ogun Adùbí. Mo ṣí fóònù, mo da ohun tí mo rí níbẹ̀ kọ, mo fi orúkọ mi sí i. Òdo ni mo gbà. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé, "Ta ló sọ fún ọ?" Inú bí mi gan-an, torí pé ohun tí mo kọ kì í ṣe irọ́.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìtàn ní yunifásítì, tí wọ́n wà ní ọdún àṣekágbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni sùpáfáísọ̀ ti dá long essay àwọn náà padà nítorí ìbéèrè yẹn gan-an.

Long essay ni ìwé gígùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń kọ kó tó gboyè. Àkòrí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ààlà: ibi wo, láti ọdún wo sí ọdún wo? "Ìtàn Ẹ̀gbá" ti fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n "Owó orí àti Ogun Adùbí ní Ẹ̀gbá, 1914 sí 1918" ṣeé gbà, torí pé ọdún 1914 ni Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira rẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1918 sì ni owó orí dé tí ogun fi bẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá ka ohun tí àwọn mìíràn ti kọ, wàá sì sọ ibi tí wọ́n kù sí. (Ẹ̀gbọ́n mi ní ibí yìí ló máa ń sú èèyàn.)

Ẹ̀rí wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ìwé tí èèyàn kọ lẹ́yìn ogun nìkan kò tó. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà, ìròyìn ìjọba àti ìwé ìròyìn ìgbà náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wá fáìlì ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí o bá mú níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ sí footnote. Tó bá jẹ́ ìwé ni, wàá kọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ìwé, ìlú àti ọdún tó jáde, àti ojú ewé.

Mo ní, àwọn baba ńlá wa tí kò kọ ìwé ńkọ́? Wọ́n ní Kenneth Dike ti dáhùn ìyẹn tipẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ Trade and Politics in the Niger Delta tó jáde ní 1956, ó lo ìtàn àtẹnudẹ́nu pẹ̀lú ìwé ìjọba, nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ibi tí kò bá sí ìwé, kò sí ìtàn. Samuel Johnson náà gbọ́ ti ẹ̀ lẹ́nu àwọn Arọ́kin Ọ̀yọ́. (Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó sọnù mọ́ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́ ní ìlú òyìnbó! Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ló tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ní ẹ̀dà nóòtì yín, ẹ gbọ́ o.)

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu náà ní òfin: orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó jẹ́, àti bóyá ó fojú rí i ni tàbí ó gbọ́ ọ ni.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, torí pé bàbá wọn wà lára àwọn tó hú irin rélùwéè nígbà ogun náà. Mo gba ohùn wọn sórí fóònù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, wọ́n dákẹ́. Ohùn mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. "Màmá, ṣé torí owó orí ni?" "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ṣé wọ́n hú irin?" "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Ohun tí mo kà lórí fóònù ni mo fi sí wọn lẹ́nu. Ibì kan wà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pé, "Ìyá bàbá mi ni kò jẹ́…", mo já lu ọ̀rọ̀ wọn. N kò tíì mọ ohun tí ìyá yẹn kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Ìyá àgbà ti ń pè mí ní orúkọ bàbá mi báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé màá padà lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ sínú ìwé mi: "Màmá, kí ni bàbá yín sọ fún yín?" Lẹ́yìn ìyẹn, màá panu mọ́.