Ìtọ́jú Òṣìṣẹ́ Lẹ́yìn Odi: Káàdì Kan Kò Jọ Èkejì

Òṣìṣẹ́ méjì lè jọ máa gbé inú ọgbà kan náà ní Kàdúná, kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, kí owó oṣù wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ kí káàdì ìtọ́jú tí ó wà lọ́wọ́ wọn má jọra rárá. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀, èkejì jẹ́ olùkọ́ lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀.

Ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ ti pẹ́ ju ti ìjọba ìpínlẹ̀ lọ. Òfin ọdún 1999 ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gba òṣìṣẹ́, aya tàbí ọkọ rẹ̀ kan ṣoṣo, àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tí ó ní ìyàwó méjì, tàbí tí ìyá rẹ̀ arúgbó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò rí i pé ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn ìdílé níbẹ̀ kò bá ti Yorùbá mu. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kan: ibikíbi tí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ lọ, ó lè yan ilé ìwòsàn tí ó wà nínú ètò náà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í yan òmíràn. Oṣooṣù ni a ń san owó lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan fún ilé ìwòsàn tí olórúkọ yàn, ìbáà wá gba ìtọ́jú, ìbáà má wá. Ẹni tí wọ́n gbé kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Jọ́ọ̀sì, tí kò mú orúkọ rẹ̀ kúrò, ilé ìwòsàn Ìbàdàn ni yóò máa gba owó rẹ̀, nígbà tí òun ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra oògùn ibà ní Jọ́ọ̀sì.

Ti ìjọba ìpínlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ṣe òfin tirẹ̀, òun ni ó sì ń dá iye tí yóò yọ nínú owó oṣù. Delta bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Kàdúná ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2018. Ilé ìwòsàn tí ó bá ìpínlẹ̀ ṣe àdéhùn nìkan ni káàdì náà wúlò fún. Olùkọ́ Kàdúná tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà ní Ogbómọ̀ṣọ́ ń sanwó ìtọ́jú tí ọwọ́ wọn kò lè tó.

Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, àdéhùn tí ọ̀gá bá àwọn tí à ń pè ní HMO ṣe ni abẹ gé. Ọ̀gá kan náà lè ra èyí tí ó gbówó lórí fún àwọn àgbà òṣìṣẹ́, kí ó ra èyí tí ó kéré jù fún awakọ̀. Kí òṣìṣẹ́ béèrè ìwé tí orúkọ àwọn ilé ìwòsàn wà, kí ó sì wá ìlú àwọn ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà, àti fún agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùgbé ni òfin náà pè, kò pe ọmọ onílẹ̀. Télọ̀ Yorùbá tí ó wà ní Kánò, tí kò ní ọ̀gá kankan, lè lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà láti fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ kò sí lára ohun tí òfin náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.