UV fún Ata Rodo Inú Yàrá: Ẹ Ka Nọ́mbà Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn ń yọ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí mo wà, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ata rodo wo ló máa fi ìyẹn so? Ìdí nìyẹn tí àwa tá a ń gbin nǹkan sínú yàrá níbí fi ń tan iná LED lé e lórí. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ sì ń bi mi jù ni pé: ṣé ká ra èyí tó ní UV? Àwọn tó ń tà á ní òun ló ń mú ata ta, òun ló ń mú ewé pọ́n.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ UV kọ́ ni oúnjẹ ewé. Ìmọ́lẹ̀ tí ewé fi ń se oúnjẹ wà láàárín 400 sí 700 nànómítà, èyí tí ojú tiwa náà ń rí, látorí àwọ̀ àlùkò títí dé pupa. Ìsàlẹ̀ 400 ni UV wà: UV-A láti 400 wálẹ̀ dé 315, UV-B láti 315 dé 280, UV-C nísàlẹ̀ ìyẹn. UV-C ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú omi. Ìpele ozone kì í jẹ́ kí tinú oòrùn dé ilẹ̀ rárá, torí náà kò sí ewé tó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá rí i lára iná ọ̀gbìn, ẹ yáa fi í sílẹ̀ jàre.

UV-B ló dùn mọ́ mi jù. Pùrótéènì kan wà nínú ewé tó ń jẹ́ UVR8. Méjì méjì ló máa ń so mọ́ra. Bí UV-B bá ti bà á, wọ́n á tú ká, wọ́n á lọ ta sẹ́ẹ̀lì lólobó pé oòrùn ti le o. Ewé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe anthocyanin àtàwọn nǹkan mìíràn tó fi ń bo ara rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìpara para. Dígí fèrèsé ń dí UV-B, ìdí nìyẹn tí ewé lettuce pupa tí wọ́n gbìn sẹ́yìn dígí kì í fi í sábà pọ́n tó ti ìta.

Ti títa ata ńkọ́? Inú kóró ló ti ń bá a wá jù. Ata aláwọ̀ ewé ràbàtà tí àwọn Òyìnbó ń jẹ nínú sàláàdì kò ní jíìnì Pun1 tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tan UV sí i títí di ọ̀la, kò ní ta.

Ẹ wá wo ọjà. LED tó ń gbé UV-B jáde wọ́n gan-an, ooru ni ó sì ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ dà. Ti 395 tàbí 405 pọ̀, ó sì rọjú. Òun ni wọ́n ń kó sínú iná tí wọ́n á wá kọ UV gàdàgbà sára páálí. 405 kì í tiẹ̀ ṣe UV, àwọ̀ àlùkò lásán ni. 395 wà létí ààlà, UVR8 ò sì gbúròó rẹ̀. Bí iná bá ń tàn ní àlùkò yòò lójú yín, ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí lẹ̀ ń wò yẹn, kì í ṣe UV. Ẹni tó ń tà kọ nọ́mbà nànómítà sílẹ̀ ni, àbí kẹ́ ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wo ìbòrí rẹ̀ náà: bó bá jẹ́ ike polycarbonate tàbí dígí lásán, UV-B kankan ò ní jáde níbẹ̀. Dígí quartz ló ń jẹ́ kó kọjá.

Tèmi o, iná LED funfun tó dáa ni mo fi owó mi rà. Aró tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ funfun ń kan cryptochrome lára, èyí tí ewé fi ń mọ UV-A pẹ̀lú, torí náà UV-A 385 ò fi bẹ́ẹ̀ kánjú mi.

UV-B ò sì lè wọ yàrá tí èèyàn ń sùn. Ojú ò rí i, kò sì ní ṣẹ́jú sí i. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni ojú á wá máa ta èèyàn bíi pé iyanrìn kó sí i. Ẹ bi àwọn wẹ́dà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, kó kó ọ̀gbìn náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó tì pa, kó so iná mọ́ aago tó ń pa á fúnra rẹ̀, kó sì ṣe é kí iná kú lọ́gán tí ilẹ̀kùn bá ṣí, pàápàá níbi tí ọmọdé wà.